Ẹ Má Jẹ́ Kí Iṣẹ́ Omi Ba Ọwọ́ Yín Jẹ́

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ la mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí ẹni tó ń jókòó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dúró de bọ́ọ̀sì ní Elephant and Castle láago mẹ́rin ìdájí mọ ohun tí à ń wí. Àwọn ìyá àti bàbá wa pọ̀ níbẹ̀, tí wọ́n ń lọ fọ ófíìsì kí àwọn olófíìsì tó jí. Ẹ wo ọwọ́ wọn. Ó gbẹ, ó sán, oríkèé ìka ti là, ẹ̀jẹ̀ sì ń yọ níbẹ̀.

Ìyá kan wá bá wa pé ká bá òun kọ fọ́ọ̀mù ilé. A ní kí wọ́n buwọ́ lù ú, wọn ò lè di bírò mú. A bi wọ́n léèrè, wọ́n ní, "Ọyẹ́ ìlú òyìnbó ni, tí ooru bá dé á lọ." Ooru dé, ooru lọ, ọwọ́ ò san. Kì í ṣe ọyẹ́. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n ń ṣe: wọ́n ń fọ ilé ìyàgbẹ́ ófíìsì ní ìdájí, wọ́n sì ń wẹ àwọn arúgbó lọ́sàn-án. Ọwọ́ kì í kúrò nínú omi.

Awọ ara wa ní òróró tirẹ̀ tó fi ń dá omi inú ara dúró, bí epo ṣe ń bo ojú ọbẹ̀. Omi gbígbóná, ọṣẹ àti bílíìṣì á máa họ òróró yìí kúrò díẹ̀díẹ̀. Tó bá tán, awọ á gbẹ, á sán. Àwọn dókítà ń pè é ní dermatitis. HSE, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ààbò lẹ́nu iṣẹ́, sọ pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń wà nínú omi ju wákàtí méjì lọ lójúmọ́, tàbí tó ń fọwọ́ tó bí ogún ìgbà, wà nínú ewu rẹ̀. Nọ́ọ̀sì, alásè, onídìrí, ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́, gbogbo wọn ló kàn.

Ìwé ìlera sábà máa ń sọ pé ojú ibẹ̀ á pọ́n. Lára àwa adúláwọ̀, kì í sábà pọ́n. Á dúdú sí i, tàbí kó rí bí eérú, tàbí kó le kó rí págunpàgun. Ìdí nìyí tí dókítà míì fi lè wò ó fìrí kó ní kò sí nǹkan. Ẹ sọ fún un pé ó ń yún yín, ó ń ta yín, kẹ́ ẹ sì sọ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe.

Kíríìmù ló ń dá òróró yẹn padà, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ kò tó. Ẹ fi para kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lẹ́yìn gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fọwọ́, àti kẹ́ ẹ tó sùn. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́. Ẹ bọ́ òrùka, torí ọṣẹ máa ń sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi táwẹ̀lì tẹ̀ ẹ́ gbẹ, ẹ má fi ha á. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń fi pa àtẹ́lẹwọ́ nìkan, a ó gbàgbé ẹ̀yìn ọwọ́ àti àárín ìka, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ló máa ń kọ́kọ́ sán.

Kò dìgbà tó bá wọ́n. Èyí tí kò ní lọ́fínńdà ló dára jù, torí òórùn dídùn yẹn a máa ta ojú egbò. Èyí tó bá ki dáa ju èyí tó ṣàn lọ, pàápàá lálẹ́. Ẹ lè wọ ìbọ̀wọ́ òwú lé e sùn. Tí ẹ bá rí òrí tòótọ́, irú èyí tí wọ́n ń tà ní Rye Lane, òun náà dáa. Ẹ kàn fi pa ọwọ́ tó ṣì rin díẹ̀, kó lè há omi náà mọ́ inú awọ. Ṣíbí mímọ́ ni kẹ́ ẹ fi máa bù ú. Aqueous cream olówó pọ́ọ́kú ńkọ́? Ní 2013, MHRA, àjọ tó ń bójú tó oògùn, kìlọ̀ pé ó lè ta awọ ẹlòmíràn, pàápàá ọmọdé tó ní ẹ́síímà.

Ẹ ṣọ́ra fún iná o. Aṣọ tí kíríìmù ọlọ́ràá bá ti wọ̀ máa ń tètè gbaná, fífọ̀ kì í sì í mú un kúrò tán. Ẹ máa pààrọ̀ aṣọ ìwọ̀sùn àti ti bẹ́ẹ̀dì déédéé, ẹ má sì wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ sún mọ́ sìgá, àbẹ́là tàbí gáàsì.

Ibi tó ń dùn wá jù la dé yìí. Ẹnì kan ló fún ìyá tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ní tíùbù kékeré kan, ó ní iṣẹ́ ìyanu ni. Lóòótọ́, láàárín ọjọ́ mélòó kan, ọwọ́ ti fẹ́ jinná. Clobetasol ló wà nínú rẹ̀, sítẹ́rọ́ọ̀dù líle tó yẹ kí dókítà kọ fún èèyàn. Tí dókítà bá kọ ọ́, tó sì sọ iye ọjọ́, ó wúlò. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ń dá lò ó fún ọ̀pọ̀ oṣù, awọ á fẹ́lẹ́ bíi bébà, nǹkan kékeré á sì máa ya á. Ẹni tó bá ti ń lò ó pẹ́, kó má kàn sọ ọ́ nù lójijì, torí ó lè padà wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kó lọ bá dókítà. Ìpara tí ń bóra tún wà, tó ní hydroquinone tàbí mẹ́kúrì. Hydroquinone ti di èèwọ̀ nínú ìpara tí ṣọ́ọ̀bù ń tà nílẹ̀ yìí láti 2001. Mẹ́kúrì a máa ba kíndìnrín jẹ́, ó sì lè ti ọwọ́ ìyá dé ara ọmọ tó ń gbé. Ìjọba ìbílẹ̀ Southwark ti gbé oníṣọ́ọ̀bù lọ sí kóòtù ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lórí irú ìpara yìí. A kì í ṣe ọlọ́pàá ara ẹnikẹ́ni. Ohun tí à ń sọ ni pé ìpara tí kò bá kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ síta, tàbí tí wọ́n fà yọ lábẹ́ káńtà, ẹ má rà á.

Kíríìmù nìkan ò lè gbà wá o. Ìbọ̀wọ́ ló ṣáájú, ọ̀gá yín ló sì gbọ́dọ̀ rà á. Òfin ìlera àti ààbò lẹ́nu iṣẹ́ ti 1974 kò gbà kí ọ̀gá gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ lórí rẹ̀. Láti oṣù kẹrin 2022, òfin ohun ìdáàbòbò ti kan ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n kàn ń pè síṣẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú. Tí latex bá ń yún yín, ẹ béèrè irú mìíràn. Tí omi bá ti wọ inú ìbọ̀wọ́, ẹ bọ́ ọ, torí ó burú ju kéèyàn má wọ̀ ọ́ lọ. Tí dókítà bá sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọṣẹ tàbí omi iṣẹ́ ló fa dermatitis yín, dandan ni kí ọ̀gá fi tó HSE létí. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà lẹ́tà náà.

Ọ̀fẹ́ ni fíforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ GP. Wọn ò gbọdọ̀ tìtorí pé ẹ ò ní páàsìpọ́ọ̀tù tàbí ìwé àdírẹ́ẹ̀sì kọ̀ yín. Oníkẹ́míìsì náà á gbà yín nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́. Tó bá le, GP lè kọ̀wé rán yín sí St John's Institute of Dermatology ní Guy's Hospital, nítòsí London Bridge, kí wọ́n yẹ ohun tí ara yín kọ̀ wò. Ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì dúró, kó kọ́kọ́ bá wa sọ̀rọ̀, torí ọsibítù lè béèrè owó lọ́wọ́ àwọn kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé rírí GP kì í ná ẹnikẹ́ni lówó.

Ìyá yẹn gba lẹ́tà dókítà, wọ́n sì fún wọn ní ìbọ̀wọ́ mìíràn níbi iṣẹ́. Ọwọ́ ò tíì padà sípò tán, ṣùgbọ́n ó ti ń di bírò mú. Tí tíùbù kan bá wà nílé yín tí ẹ ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ mú un dání wá, a ó bá yín kà á.