Àwòrán Yíyà Nìkan Kò Tó láti Fi Mọ Àìsàn Ìsoríkọ́

Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún tí àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ti ń fún aláìsàn ní bébà àti pẹ́ńsùlù, tí wọ́n ń ní kí ó ya ilé, igi àti ènìyàn, kí àwọn lè mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. John Buck, ará Amẹ́ríkà, ló gbé àyẹ̀wò yìí jáde ní ọdún 1948. Bí ènìyàn inú àwòrán bá kéré bíńtín, tàbí tí igi kò ní ewé, àwọn tó ń lò ó a máa ní ọkàn ẹni tó yà á ti rẹ̀wẹ̀sì.

Ìwádìí kò fi bẹ́ẹ̀ gbe èrò yìí lẹ́sẹ̀. Ní ọdún 1967, Loren Chapman àti ìyàwó rẹ̀, Jean, kó àwòrán ènìyàn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, wọ́n sì kọ àmì àìsàn sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ pé àmì náà bá àwòrán tan. Síbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn rí i pé ẹni tó ń fura sí ọmọnìkejì a máa ya ojú tó yàtọ̀. Ohun kan náà ni àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà ń sọ. Ohun tí wọ́n ti gbà lọ́kàn tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń rí nínú bébà. Ó ṣe tán, ẹni tó ya igi tí kò ní ewé lásìkò ọyẹ́ lè jẹ́ pé igi ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ló yà.

Ọ̀nà tí Rawley Silver gbé jáde ní ọdún 1988 yàtọ̀ díẹ̀: aláìsàn yóò mú méjì nínú àwòrán tó wà nílẹ̀, yóò ya ohun tó rò pé ó ṣẹlẹ̀ láàárín wọn, yóò sì sọ ìtàn rẹ̀. Èyí sàn jù, pàápàá fún ọmọdé tí kò rí ọ̀rọ̀ sọ, àmọ́ ẹni tó yẹ kí a bi léèrè nìkan ló lè fi hàn.

Ìbéèrè náà kò ṣòro. Láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ṣé inú rẹ̀ ń bàjẹ́ ṣáá, ṣé ohun tó máa ń dùn mọ́ ọn kò wù ú mọ́? Oorun ńkọ́, oúnjẹ ńkọ́, èrò ikú ńkọ́? Mẹ́sàn-án irú rẹ̀ ni àwọn dókítà ń lò káàkiri àgbáyé. Ìwádìí tó jáde ní ọdún 2006 láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Nàìjíríà fi hàn pé ó wúlò níbí pẹ̀lú.

Bí ọmọ bá ya àwòrán ikú, kí òbí fi pẹ̀lẹ́tù bi í bóyá ó ń rò láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè yìí kì í gbin èrò náà sí i lọ́kàn. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n má fi òun nìkan sílẹ̀, kí wọ́n sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún àrùn ọpọlọ wà ní Àró, Abẹ́òkúta, àti ní Yábàá, Èkó.