Gìgísẹ̀ Tó Ń Dun Ẹni Tó Ń Sáré

Ẹ̀yin ará wa ní Iwofe tẹ́ ẹ máa ń sáré láàárọ̀, ṣé gìgísẹ̀ máa ń gún yín tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kanlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì? Lọ́pọ̀ ìgbà, iṣan tó gba àtẹ́lẹsẹ̀ kọjá ló ń fà á. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi tipá wọ́ ọ bí egungun tó yẹ̀. Kò sí èyí tó yẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yìn ojúgun làwọn físíò sábà máa ń fọwọ́ tẹ̀ pẹ̀lú àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ya àwa náà lẹ́nu, àmọ́ tí ibẹ̀ bá le, gìgísẹ̀ ló ń fà. Nílé, ẹ máa fọwọ́ fa ọmọ ìka ẹsẹ̀ sókè kẹ́ ẹ tó dìde, kẹ́ ẹ sì dín eré kù. Tó bá wú, tàbí tó ń dùn lóru, ẹ lọ sí UPTH ní Alakahia.