Ọ̀fẹ́ Orí Omi Kì í Ṣe Èènì

Gbogbo ẹni tó ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ ló ti gbọ́ ìkéde tí iléeṣẹ́ Norwegian Cruise Line ṣe ní ọdún 2025: láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 2026, ètò ọtí tó bá tíkẹ́ẹ̀tì wá kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ ní Great Stirrup Cay, erékùṣù kékeré tó jẹ́ tiwọn ní Bahamas. Wọ́n ti ń lo erékùṣù náà láti ọdún 1977, ibẹ̀ ni ọkọ̀ wọn máa ń dúró sí kí èrò lè wẹ̀ nínú òkun, kí wọ́n sì yáàrùn. Ẹni tó bá fẹ́ mu ọtí ní etíkun yẹn yóò sanwó rẹ̀ lọ́tọ̀. Inú bí àwọn èèyàn, wọ́n ní iléeṣẹ́ náà gba ohun tó ti fún àwọn lọ́fẹ̀ẹ́ padà lọ́wọ́ àwọn.

Èmi ò dá wọn lẹ́bi, ṣùgbọ́n ohun tó mú mi jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí ni pé mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọtí náà fìgbà kan jẹ́ ọ̀fẹ́ kí wọ́n tó gbà á padà. Ó kan àwọn èèyàn wa náà. Àwọn ará ilé wa tó wà ní Houston ń wọkọ̀ láti Galveston, àwọn tó wà ní London ń wọ̀ ọ́ láti Southampton. Ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún tí à bá gba gbọ̀ngàn fún láyé ọjọ́sí, àwọn kan ti ń gbé e lọ sórí omi báyìí, pẹ̀lú aṣọ ẹbí tí wọ́n ká sínú àpótí. Láti oṣù Kìíní dé oṣù Kẹta ọdọọdún, tí àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ máa ń ta tíkẹ́ẹ̀tì jù, ìpolówó á máa rọ̀ bí òjò: ọtí ọ̀fẹ́, Wi-Fi ọ̀fẹ́, ẹni kẹta àti ẹni kẹrin nínú yàrá lọ́fẹ̀ẹ́, dọ́là ọ̀fẹ́ tí ẹ máa ná nínú ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu wa tó lè jẹ́ ká rí ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Èènì ni. Ẹ wo ìyá tó ń ta gaàrí ní ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn. Ẹ ti ná an tán, ẹ ti fẹnu kò lórí iye kóńgò kan. Ó wa gaàrí, ó fi apá yí ẹnu kóńgò ká kí òkìtì orí rẹ̀ má baà ya dànù, ó rọra dà á sínú ọ̀rá. Ẹ wá ní, "Ìyá, ẹ fún mi léènì o." Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Ohun tó sọ ẹ̀kúnwọ́ yẹn di èènì ni pé iye ọjà ti dúró kó tó dé. Ẹni tí kò bá tọrọ rẹ̀, iye kan náà ni yóò san.

Ẹ sì mọ̀ pé àwọn kan wà lọ́jà tí wọ́n ti lu ìdí kóńgò wọn wọnú, tí wọ́n á wá máa bu èènì fún oníbàárà pẹ̀lú ẹ̀rín. Gaàrí oníbàárà ni wọ́n ń dá padà fún un. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá wa fi máa ń gbé kóńgò sókè wò kí wọ́n tó ná ohunkóhun.

Ní Amẹ́ríkà, ilé-ẹjọ́ ti gbé irú kóńgò bẹ́ẹ̀ sókè wò rí. Iléeṣẹ́ kan ń jẹ́ Mary Carter Paint, ọ̀dà ni wọ́n ń tà. Ìpolówó wọn ni pé bí ẹ bá ra agolo kan, ẹ máa gba ìkejì lọ́fẹ̀ẹ́. Gálọ́ọ̀nù kan, dọ́là 6 àti sẹ́ǹtì 98. FTC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà lọ́wọ́ ìtànjẹ, ní irọ́ ni. Àlàyé wọn kò gùn: iléeṣẹ́ náà kò ta agolo kan ṣoṣo ní iye yẹn rí, méjì méjì ni wọ́n ń tà á. Tí agolo kan kò bá ní iye tirẹ̀, kí la fẹ́ fi mọ̀ pé wọ́n fi ìkejì ta wá lọ́rẹ? A jẹ́ pé owó agolo méjì ni dọ́là 6.98 yẹn látìbẹ̀rẹ̀. Ẹjọ́ náà dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní ọdún 1965. Adájọ́ Harlan kò fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ tó pọ̀ jù gbà pẹ̀lú FTC pé ìtànjẹ ni, Adájọ́ Brennan ló sì kọ ìdájọ́ náà.

Kò kan ẹjọ́ yìí, ṣùgbọ́n mi ò lè ṣe kí n má sọ ọ́: iléeṣẹ́ ọlọ́dà yìí kan náà ló kó owó lọ sí Bahamas, tó bẹ̀rẹ̀ òwò ní Paradise Island, tó ta iṣẹ́ ọ̀dà, tó sì yí orúkọ ara rẹ̀ padà sí Resorts International ní ọdún 1968. Òdìkejì èbúté Nassau ni erékùṣù náà wà, níbi tí àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ ti ń já èrò sílẹ̀ títí dòní.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ìdájọ́ yẹn, ní 1971, FTC gbé ìlànà kan jáde tó dá lórí ọ̀rọ̀ "ọ̀fẹ́" nìkan. Wọ́n ní tí oníṣòwò bá sọ pé òun máa fi nǹkan kan ṣe ọ̀fẹ́ fún ẹni tó bá ra òmíràn, oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà gbọ́ pé wọn kò fowó lé èyí tó ń rà láti fi dí àlàfo èyí tí wọ́n ní àwọn fún un. Wọ́n tún ní ọ̀fẹ́ lórí ọjà kan kò gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ láàárín oṣù méjìlá. Mo fẹ́ràn ìlà yìí gan-an. Ohun tí wọ́n rí ni pé tí ọ̀fẹ́ bá ti wà nílẹ̀ ní gbogbo ìgbà, iye tó wà láìsí ọ̀fẹ́ ti kú nìyẹn, kò sì sí ohun tí èèyàn máa fi wọ̀n ọ́n mọ́. Ìlànà ni o, kì í ṣe òfin tó ní ìjìyà tirẹ̀, mi ò sì sọ pé iléeṣẹ́ ọkọ̀ kankan ti rú u. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìbéèrè inú rẹ̀ sọ́wọ́ ká jọ wo ìwé owó.

Ètò tí Norwegian fi ọ̀pọ̀ ọdún pè ní Free at Sea gbajúmọ̀ gan-an. Ọtí wà nínú rẹ̀, oúnjẹ ilé oúnjẹ pàtàkì wà nínú rẹ̀, Wi-Fi náà wà níbẹ̀. Iye tí wọ́n dá lé ètò ọtí náà nígbà náà ni dọ́là 109 lórí ẹnì kan lóòjọ́. Wọ́n kò gba 109 yẹn lọ́wọ́ yín. Owó iṣẹ́ orí rẹ̀ ni wọ́n gbà, ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn dọ́là 21 àti sẹ́ǹtì 80 lóòjọ́. Ní iye yẹn, tọkọtaya tó bá lọ fún ọjọ́ méje máa san dọ́là 305 àti sẹ́ǹtì 20 lórí ọtí ọ̀fẹ́. Tíìpù ojoojúmọ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ gbogbo èrò yàtọ̀, ó jẹ́ dọ́là 20 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan nígbà náà fún yàrá tí kì í ṣe ti ọlọ́lá. Ìyẹn náà á di 280 fún tọkọtaya náà kí ọ̀sẹ̀ tó pé.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fojú sí níbí ni 109 yẹn. Àwọn fúnra wọn ló dá a. Tí wọ́n bá jí lọ́jọ́ kan tí wọ́n ní ètò ọtí ti di 150, ọtí náà á ṣì jẹ́ ọ̀fẹ́, àmọ́ ọ̀fẹ́ náà á máa gba dọ́là 30 lóòjọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹni tó ń mu gíláàsì ọtí méjì mẹ́ta lóòjọ́ ṣì lè jèrè nínú rẹ̀, mi ò jiyàn ìyẹn, torí gíláàsì kan nínú ọkọ̀ kì í ṣe owó kékeré. Ẹni tí kì í fẹnu kan ọtí rárá, bí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí àti ọmọ ìjọ wa, owó omi ọsàn ló ń san bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ Carnival, iléeṣẹ́ ọkọ̀ mìíràn, tí ẹ bá fẹ́ fowó yín ra ètò ọtí wọn, àgbàlagbà tó bá wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú yín gbọ́dọ̀ ra tirẹ̀, ọtí 15 sì ni òpin láàárín wákàtí 24. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, Norwegian yí orúkọ ètò wọn padà sí More at Sea. Ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ jáde kúrò nínú orúkọ náà nígbà yẹn.

Ibi tó yé mi jù lọ ni inú ìwé ìṣirò tí wọ́n ń fún àwọn onípìn-ín-ìdókòwò. Láti ọdún 2018, òfin ìṣirò owó tí wọ́n ń pè ní ASC 606 ti de àwọn iléeṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà. Tí ẹ bá ta ọjà mẹ́ta pọ̀ fún owó kan, ẹ gbọ́dọ̀ pín owó náà sórí ọjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìbáà jẹ́ pé ẹ pe ọ̀kan nínú wọn ní ọ̀fẹ́. Èyí ni pé ohun tí ìpolówó pè ní ẹ̀bùn ní iye tirẹ̀ nínú ìwé akọ̀wé owó. Àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ sì mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọ. Ní ọdún 2024, nǹkan bíi bílíọ̀nù 25 dọ́là ló wọlé fún Carnival. Ohun tí èrò ná lẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì, lórí ọtí, tẹ́tẹ́, ìrìn àjò etíkun àti irú rẹ̀, ju bílíọ̀nù 8 lọ nínú rẹ̀. Ìdá mẹ́ta owó wọn, ìdá kan ń bọ̀ láti ibi tí ìpolówó kò fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ.

Kí ló wá dé tí ọ̀rọ̀ náà fi ń mú wa? Àwọn olùwádìí mẹ́ta, Shampanier, Mazar àti Ariely, gbé ìwádìí kan jáde ní ọdún 2007. Wọ́n gbé ṣokoléètì méjì síta, Lindt tó dùn gidi ní sẹ́ǹtì 15, Hershey kékeré ní sẹ́ǹtì 1. Nínú àwọn tó rà, ìdá 73 nínú ọgọ́rùn-ún mú Lindt. Wọ́n wá yọ sẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan kúrò lára méjèèjì: Lindt di 14, Hershey di ọ̀fẹ́. Àlàfo àárín wọn kò yí padà rárá, síbẹ̀ ìdá 69 sá lọ sọ́dọ̀ Hershey.

Mo fi ojú ara mi rí èyí lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Houston. Wọ́n fún un ní 50 dọ́là tí yóò ná nínú ọkọ̀. Ó fi ra nǹkan díẹ̀, ó ku 31 ní alẹ́ tó kẹ́yìn. Owó náà kò ṣeé gbà sọ́wọ́, tí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀ ó ti wọmi. Ó sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù inú ọkọ̀, ó mú ṣẹ́ẹ̀tì méjì tí wọ́n kọ orúkọ ọkọ̀ sí láyà, dọ́là 22 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó fi 13 dọ́là tirẹ̀ kún un kó má baà pàdánù 31 ọ̀fẹ́. Ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀ nígbà tí mo débẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni mu nínú ilé.

Ibi tí ẹ̀rí ti ń fẹ́ẹ́ tán nìyí: ṣé owó tíkẹ́ẹ̀tì máa ń lọ sókè gan-an nígbà tí wọ́n bá fi ọ̀fẹ́ sí i? Iye yàrá inú ọkọ̀ kì í dúró sójú kan, ó lè yí padà láàárín ọjọ́ méjì, ó sì ṣòro fún ará ìta láti mọ ohun tó tì í. Èrò tèmi ni pé kì í ṣe ìgbà gbogbo. Tí ọjọ́ ìrìn àjò bá ti súnmọ́ tí yàrá ṣì ṣófo, ó tẹ́ wọn lọ́rùn láti bu ọtí fún yín ju kí wọ́n já iye tíkẹ́ẹ̀tì wálẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Nígbà yẹn ẹ lè jèrè lóòótọ́. Èyí tí mo sì gbà pé ó súnmọ́ èènì jù ni owó ìnáwó tí aṣojú tó ń bá yín ra tíkẹ́ẹ̀tì ń fún yín láti inú èrè tirẹ̀. Tí tíkẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ iye kan náà lọ́dọ̀ gbogbo aṣojú, tí ọ̀kan wá bu díẹ̀ nínú èrè rẹ̀ fún yín, òun ló ru ìnáwó náà. Àwọn yòókù, ẹ kọ́kọ́ wo ìdí kóńgò.

Òfin ti ń ran èèyàn lọ́wọ́ díẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2024, òfin California kò gba kí wọ́n polówó iye kan kí wọ́n tó fi àwọn owó ọ̀ranyàn lé e, àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó èbúté àti owó orí sínú iye tí wọ́n ń gbé síta. Irú òfin bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Britain ní oṣù Kẹrin 2025. Ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ kì í ṣe tuntun lọ́dọ̀ tiwọn, ó ti pẹ́ tí òfin wọn ti kà á léèwọ̀ láti pe ohun tí wọ́n ṣì máa gbowó lé lórí ní ọ̀fẹ́, àyàfi owó tí kò ṣeé yẹ̀, bí owó ìfiránṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi tún fẹ́ lọ lọ́dún yìí. Mo ní kó bi aṣojú rẹ̀ ní ìbéèrè kan ṣoṣo: èló ni yàrá kan náà, ọjọ́ kan náà, láìsí ọtí, láìsí Wi-Fi, láìsí ohunkóhun tí wọ́n ní àwọn fi ta á lọ́rẹ? Ó fi fóònù sí gbangba kí n lè gbọ́. Ọmọ Yorùbá ni aṣojú náà, ó sì fi sùúrù wá a. A ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "kò sí iye bẹ́ẹ̀ níbí. Bí wọ́n ṣe dì í pọ̀ yìí náà la ṣe ń tà á." Ẹ̀gbọ́n mi ní kó jẹ́ kí òun rò ó dọ̀la.