Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ẹ Mọ̀ Kí Ẹ Tó Gbé Fíìmù Àtijọ́ fún Onísikánà

Ìlú Ọ̀sì ni Aréògún, ògbóǹtagí agbẹ́gilére, ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ títí ó fi re ibi àgbà ń rè ní ọdún 1954. Àlùfáà Kevin Carroll, ẹni tí ó bá Bándélé ọmọ Aréògún ṣiṣẹ́ ní Oyè-Èkìtì, tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1967 lórí iṣẹ́ àwọn agbẹ́gilére Yorùbá, pẹ̀lú fọ́tò nínú rẹ̀. Ara fíìmù ni a ń ya fọ́tò sí nígbà náà, ìbáà jẹ́ ti ère, ti ìgbéyàwó tàbí ti ìsìnkú.

Lóde òní, ẹ̀rọ sikánà ni a fi ń kó irú fíìmù bẹ́ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ju ẹ̀rọ lọ. Ohun méjì ni ó yẹ kí ẹni tí ó ní fíìmù ní Ọ̀sì, Ìlọ́fà àti agbègbè wọn béèrè: agbára ìríran ẹ̀rọ náà, àti iye bíìtì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ aláró. Aṣọ funfun tí a rì sínú aró lẹ́ẹ̀kan yóò di àyìnrín. Bí a ti ń tún un rì, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa dúdú sí i. Láti orí aṣọ funfun títí dé ibi tí aṣọ dúdú dé tí ojú kò fi lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì mọ́, èyí ni agbára ìríran. Iye aṣọ tí a tò sí àárín wọn, tí àwọ̀ wọn yàtọ̀ síra, ni bíìtì.

Bíìtì 8 fún àwọ̀ kan ní ìpele 256. Bíìtì kan tí a bá fi kún un yóò sọ ìpele náà di ìlọ́po méjì. Nítorí náà, bíìtì 16 ní ìpele 65,536. Lẹ́tà D ni a fi ń kọ agbára ìríran. D 3.0 túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ náà ríran títí dé ibi tí ìmọ́lẹ̀ tí ń la fíìmù kọjá fi jẹ́ ìdá kan nínú 1,000. Ti D 4.0 jẹ́ ìdá kan nínú 10,000. Ọ̀kan kò lè rọ́pò èkejì. Ẹ̀rọ tí kò ríran nínú òkùnkùn, bí a tilẹ̀ fún un ní bíìtì 16, òkùnkùn kan náà ni yóò máa gé sí wẹ́wẹ́.

Níbo ni ewu wà? Lára nẹ́gẹ́tíìfù, agbádá funfun ni ó ki jù. Ojú ènìyàn dúdú fẹ́lẹ́, àwọ̀ rẹ̀ sì sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí. Bí bíìtì bá kéré, tí a sì fẹ́ mú ojú náà mọ́lẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, yóò di àbùlé-àbùlé. Lára fíìmù tí àwọ̀ rẹ̀ rí bí ènìyàn ṣe rí gan-an, ìdàkejì ni: ojú dúdú àti ère igi ni ó ki jù. Ẹ̀rọ tí agbára ìríran rẹ̀ kéré yóò sọ wọ́n di dúdú ṣúú. Ilà ojú àti ipa ọ̀bẹ agbẹ́gilére yóò pòórá.

Nítorí náà, kí onífíìmù béèrè fún bíìtì 16, kí a sì tọ́jú rẹ̀ ní TIFF, nítorí bíìtì 8 ni JPEG tí a mọ̀ ń gbà. Kí ó wo ibi tí ó dúdú jù lọ nínú àwòrán kí ó tó sanwó. Lékè gbogbo rẹ̀, kí ó má ṣe sọ fíìmù náà nù; kí ó fi í pamọ́ síbi gbígbẹ tí kò gbóná. A lè tún fíìmù sikán, ṣùgbọ́n a kò lè tún pe ẹni tí ó ti lọ wá jókòó níwájú kámẹ́rà.