Ọjọ́ Àbámẹ́ta Létí Omi Erinlẹ̀

Aago mẹ́jọ àárọ̀ kò tíì lù tí oòrùn fi ń ta ni lórí ní Ìlobùú. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Mo dúró lẹ́bàá títì tó ti Òṣogbo bọ̀ tó ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo ń retí àwọn àgùnbánirọ̀ tí wọ́n ní kí n bá àwọn lọ ṣeré létí omi Erinlẹ̀. Bí ọkọ̀ akẹ́rù kan bá ti kọjá, eruku pupa á gbéra, á bà lé àkàrà tí ìyá kan ń dín lábẹ́ agbòòrùn, síbẹ̀ èrò tò síwájú agbada rẹ̀, òórùn epo gbígbóná àti èéfín ọ̀kadà sì dàpọ̀ títí mi ò fi lè dá wọn yà mọ́.

Wọ́n dé: ọmọ Benue, ọmọ Imo, ọmọ Kàdúná àti ọmọbìnrin kan láti Akwa Ibom. Méjì ń kọ́ni níléèwé ní Ìlobùú, méjì ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun. Láti ọdún 1973 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń rán àwọn ọ̀dọ́ tó gboyè jáde lọ sin ilẹ̀ bàbá wọn níbi tí kì í ṣe ìlú wọn. Ibùdó ìdálẹ́kọ̀ọ́ ní Ẹdẹ ni àwọn mẹ́rin yìí ti di ọ̀rẹ́.

A kọ́kọ́ yà sí Ìfọ́n lọ mú ìkòkò àti ata. Ìlú méjèèjì súnmọ́ra débi pé àjèjì kò lè mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Onílé mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 2025, ìjà ilẹ̀ láàrin Ìlobùú, Ìfọ́n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun le tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ fi kéde kónílé-ó-gbélé. Ọlọ́kadà tó gbé èmi àti ọmọ Imo ti ń tàkúrọ̀sọ bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a dé ibi tí iná ti sọ ògiri ilé kan di dúdú, ó dákẹ́. Ọmọ Imo tó wà lẹ́yìn mi bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

“Kọ́pà, ẹ di ìkòkò yín mú.”

A yà kúrò ní títì, a gba ọ̀nà oko. Ewé gbígbẹ ń ró lábẹ́ táyà, òórùn ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ gba imú wa, a rí àwọn obìnrin tó ń yan gàrí nínú èéfín tí ojú wọn sì pọ́n. Lẹ́yìn náà atẹ́gùn tutù kan fẹ́ lù wá. Igbó ṣí, omi tẹ́ lọ rẹrẹ níwájú wa: ojúoró àti òṣíbàtà bo etí rẹ̀, àwọn kùkùté igi tó ti kú yọrí láàrin, ẹyẹ funfun bà lé wọn, apẹja kan sì ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀ rẹ̀ lọ lọ́ọ́kán.

Ọdẹ ni Erinlẹ̀, àwọn ará Ìlobùú ló sọ bẹ́ẹ̀, kó tó wọlẹ̀ tó di odò. Dáàmù ńlá tí wọ́n ṣe sí Ẹdẹ lọ́dún 1989 ló mú kí odò náà gbòòrò báyìí. Inú rẹ̀ ni omi ẹ̀rọ àwọn ìlú àyíká ti ń wá.

Ọmọ Kàdúná ti bọ́ bàtà. Àwọn ọmọdé ń lúwẹ̀ẹ́ lápá kejì, ẹ̀rín wọn ń dún lórí omi, ìyá méjì sì ń fọṣọ nítòsí wọn. Bàbá apẹja gúnlẹ̀, ẹja ẹ̀píyà ń ta pọ́ún pọ́ún nínú agbọ̀n rẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ ọmọ Kàdúná.

“Àlejò lójú, kò fi ríran. Àtọ̀sí ajá wà nínú omi yẹn, ọmọ mi.”

Omi náà kò ní òórùn kankan. Inú ìgbín kéékèèké tó ń gbé ara ewé etí omi ni aràn tó ń fa àtọ̀sí ajá ti ń dàgbà kó tó bọ́ sómi, á wá gba awọ ara wọlé láìdunni. Bó bá yá, ẹ̀jẹ̀ á máa bá ìtọ̀ jáde. Ẹni tó bá tọ̀ sómi ló ń dá ẹyin aràn náà padà fún ìgbín. Àwọn onímọ̀ ti rí àrùn náà lára àwọn ọmọ Ìlíé àti Ọbà-Ilé, létí omi Erinlẹ̀ yìí kan náà.

Ọmọ Kàdúná padà sókè. Wọ́n ra ẹja, wọ́n dáná. Ọmọbìnrin Akwa Ibom bi bàbá bóyá òògùn rẹ̀ wà.

“Ó wà. Wọ́n ń gbé e wá síléèwé yín fáwọn ọmọ.” Ó nawọ́ sí àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́, lẹ́yìn náà sí àyà ara rẹ̀. “Tíṣà, àwa tí kì í wá síléèwé ńkọ́?”