Lẹ́tà Ìfẹ́ Méjì, Omi Kan Láàárín

Ovid, akéwì ará Róòmù, kọ ìwé ewì kan lédè Látìn tí wọ́n ń pè ní Heroides. Lẹ́tà àwọn olólùfẹ́ inú ìtàn àtijọ́ ló kún inú rẹ̀. Obìnrin ló kọ èyí tó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n nínú mẹ́fà tó kẹ́yìn, ọkùnrin á kọ, obìnrin á fèsì.

Ẹ wo ti Leander àti Hero. Omi kan tó wà ní Tọ́kì lónìí ló là wọ́n láàárín. Òru ni Leander máa ń lúwẹ̀ẹ́ sọdá, káwọn òbí rẹ̀ má baà mọ̀. Fìtílà Hero ló ń tọ́ ọ sọ́nà. Nígbà tí omi ti ń ru fún òru méje, ó fi lẹ́tà rán ọlọ́kọ̀ ojú omi.

Hero bínú nínú èsì rẹ̀: ó ti pẹ́ jù, àbí ó ti rí obìnrin mìíràn? Kó máa bọ̀! Ìparí lẹ́tà ló tó sọ pé òun lálàá ẹja tí ìgbì gbé jù sétí omi, tó sì kú. Kó dúró kí omi rọ̀ ná. Ìtàn sọ pé Leander kò dúró. Omi gbé e lọ.

Ẹ̀yin tí olólùfẹ́ yín wà lọ́nà jíjìn, ẹ jẹ́ kí "rọra máa bọ̀" ṣáájú "ó ti pẹ́ jù".