Ooru Òròmọdìẹ Ní Òru Tí Iná Bá Lọ

Òròmọdìẹ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ẹyin kò tíì ní ìyẹ́ tí yóò gbà á lọ́wọ́ òtútù. Èyí tí adìẹ pa a máa sá sí abẹ́ apá ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ pa kò mọ ìyá. Ooru tí olówó rẹ̀ bá pèsè fún un ni ìyá rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ó ń fẹ́ ooru tí ó tó nǹkan bí ìwọ̀n 33 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Lẹ́yìn náà a lè dín in kù ní nǹkan bí ìwọ̀n 3 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí ìyẹ́ rẹ̀ yóò fi kún.

Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń sin adìẹ ní ilẹ̀ Yorùbá a máa so gílóòbù pupa oníwáàtì 250 rọ̀, ọ̀kan fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún òròmọdìẹ. Ẹni tí ó ní 400 ń lo gílóòbù mẹ́rin, èyí tí í ṣe wáàtì 1,000. Bí iná bá lọ ní ọ̀gànjọ́ òru nígbà ọyẹ́, ooru bá a lọ. Àwọn òròmọdìẹ yóò kó ara wọn jọ sí igun kan, wọn yóò sì gun ara wọn lórí, tó bẹ́ẹ̀ tí èémí àwọn ti ìsàlẹ̀ yóò fi pin kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní ọdún 2024, ìgbà púpọ̀ ni ìlà ńlá tí ń gbé iná káàkiri Nàìjíríà dákú. Nítorí náà, kí àgbẹ̀ tó ra òròmọdìẹ, kí ó ti kọ́kọ́ ra ohun tí yóò rọ́pò iná.

Àwọn mìíràn gbẹ́kẹ̀ lé bátìrì àti ínfátà. Kí wọ́n fi ìṣirò wò ó. Bátìrì ásíìdì kan tí ó jẹ́ fóòtì 12, tí a kọ 200 sí lára, ń pa wáàtì 2,400 mọ́ fún wákàtí kan; bí a kò bá sì fẹ́ kí ó tètè bàjẹ́, ìdajì rẹ̀ ni kí a lò. Gílóòbù mẹ́rin wọ̀nyí yóò jẹ ìdajì náà tán ní nǹkan bí wákàtí kan. Láti agogo méje alẹ́ dé agogo méje òwúrọ̀, irú bátìrì bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá kò tó. Ṣùgbọ́n gílóòbù LED oníwáàtì 10 mẹ́rin yóò tan ní òru méjì lórí ẹyọ kan ṣoṣo. Bátìrì dára fún ìmọ́lẹ̀. Kò rọrùn fún ooru.

Ẹ̀rọ amúnáwá tí ó lè gbé wáàtì 2,000 láìsinmi yóò gbé gílóòbù mẹ́rin náà láìṣe làálàá. Púpọ̀ nínú àwọn kékeré tí a kọ 950 sí lára kò lè gbé ju nǹkan bí 650 lọ fún ìgbà pípẹ́. Gílóòbù méjì péré ni kí a fi kọ́ wọn. Kí a tan àwọn gílóòbù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí gílóòbù tí ó tutù a máa fa iná púpọ̀ nígbà tí ó bá kọ́kọ́ tàn. Kí ẹ̀rọ náà wà ní ìta gbangba, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 20 sí ilé. Carbon monoxide inú èéfín rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn àti adìẹ bákan náà.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí epo bá tán tàbí tí ẹ̀rọ kọ̀ láti ṣiṣẹ́, ìkòkò amọ̀ tí a kó ẹyin èédú sí ni ó kù. Kí a dá iná èédú náà ní ìta títí yóò fi pọ́n, kí a tó gbé e wọlé. Kí a fi àwọ̀n irin yí i ká. Kí a sì ṣí òkè ògiri sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa kọjá, nítorí èédú pẹ̀lú ní májèlé kan náà nínú. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sùn nínú ilé náà.

Àwọn òròmọdìẹ fúnra wọn ni yóò sọ bí ooru bá tó. Bí wọ́n bá kó jọ tí wọ́n ń ké, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tí wọ́n ń la ẹnu, ooru ti pọ̀ jù. Bí wọ́n bá tàn káàkiri tí wọ́n ń jẹun, ó tó. Kí àgbẹ̀ dán gbogbo rẹ̀ wò ní ọ̀sán, ṣáájú ọjọ́ tí òròmọdìẹ yóò dé. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.